Súwẹ́tà Tí Kò Gba Orí Ọmọ

Ọ̀rọ̀ súwẹ́tà ni mo gbé wá lónìí: súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, àwọn nǹkan tí à ń fi ọwọ́ ara wa hun fún ọmọ, fún ọkọ, fún ìyá, fún àbúrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, nítìn sì wà lára ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì. Oṣù kan gbáko ni mo fi hun súwẹ́tà aláwọ̀ ojú ọ̀run kan fún ọmọ náà. Mo hun iṣẹ́ ọnà bí okùn lílọ́ sí i láyà, mo fi ríìbù sí i lọ́wọ́ àti nídìí, mo lọ̀ ọ́ yí ká, ó dùn ún wò. Ọjọ́ ìkómọ pé, ilé kún fọ́fọ́, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ wá fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀wù náà fún ọmọ. Mo gbé e lé ọmọ lórí. Ó dé iwájú orí, ó dúró. Mo fà á díẹ̀, ọmọ figbe ta. Ìyá ọkọ àbúrò mi tó jókòó tì mí wò mí, ó wo ẹ̀wù, ó ní, “Àna wa, ṣé orí ọmọ wa ló tóbi ni, àbí ọrùn ẹ̀wù yín ló kéré?” Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Orí ọmọ kò tóbi kọjá bó ṣe yẹ. Èmi ni n kò wọ̀n ọ́n. Ọmọ tuntun jòjòló, orí rẹ̀ fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi téèpù yí orí rẹ̀ ká, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íǹṣì 14. Àyà rẹ̀ a máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 dín sí ìyẹn. Ó di ìgbà tí ọmọ bá ti lé lọ́dún kan kí àyà tó bá orí dọ́gba, kí ó sì tó kọjá rẹ̀. Àwa àgbàlagbà kì í rò ó bẹ́ẹ̀, nítorí tiwa, èjìká ni ìṣòro ẹ̀wù. Ti ọmọ ọwọ́, orí ni. Èmi fi àyà ọmọ pinnu ohun gbogbo, mo gbàgbé pé orí ló máa kọ́kọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: ẹ̀bùn tí a fọwọ́ hun, ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara ẹ̀wù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ nítìn rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èdè wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, hun, sọ iṣẹ́ púpọ̀. À ń hun ẹní, à ń hun agbọ̀n, à ń hun òfì, à ń hun súwẹ́tà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn yóò ta òwú gbọọrọ sílẹ̀, yóò máa ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, òwú ìdábùú yóò sì máa gba àárín òwú gbọọrọ kọjá. Wọ́n di ara wọn mú gírígírí. Ìdí nìyẹn tí òfì fi ń le, tí kì í nà. Súwẹ́tà kò ní òwú gbọọrọ kankan. Òwú kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì gbé ìlà ojú kan dání. Ojú ni à ń pe ìkọ́ òwú kékeré kọ̀ọ̀kan tó tò sórí abẹ́rẹ́. Ẹ ki ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ojú àkọ́kọ́, ẹ yí òwú kọ́ ọ lẹ́nu, ẹ fà á gba inú ojú náà jáde, kí ẹ wá jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Ojú tuntun kan dé nìyẹn. Bí ẹ bá fa ojú tuntun wá sí ọ̀dọ̀ ara yín, nítì ni. Bí ẹ bá tì í sí ẹ̀yìn, pọ̀ọ̀lù ni. Kò sí òmíràn. Gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ẹ ń rí lára súwẹ́tà, bó ti wù kó díjú tó, nítì àti pọ̀ọ̀lù ni wọ́n fi ṣe é. Ríìbù ọwọ́ ẹ̀wù tó ń nà tó ń sún kì bíi rọ́bà, nítì kan, pọ̀ọ̀lù kan ni, títí lọ.

Kíróṣè tún yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ni ti kíróṣè, ojú kan ni a sì sábà ń mú dání lẹ́ẹ̀kan. Fìlà tí ọ̀pọ̀ àwọn alfa wa ń dé lọ sí mọ́ṣáláṣí, kíróṣè ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí pé òwú inú súwẹ́tà ń rìn kọ́lọkọ̀lọ ni, ó máa ń nà bí ẹ bá fà á. Nínà yìí ló ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Wọ́n á ní, “Mà, kò burú, ó máa nà.” Ó ń nà lóòótọ́, àmọ́ etí tí a fi pa ojú dé ní ọrùn kì í nà bí a bá ti fún un jù. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ pa ojú ọrùn dé, ẹ pa abẹ́rẹ́ tí ẹ ń lò tì, kí ẹ mú èyí tó fi nọ́ńbà kan tàbí méjì tóbi jù ú lọ. Tàbí kí ẹ ya èjìká kan sílẹ̀ kí ẹ fi bọ́tìnnì méjì dè é. Fún ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn dúró, èyí tó ṣí níwájú pátápátá ni mo fẹ́ jù, nítorí kò sí ọmọ tó fẹ́ràn kí wọ́n gba ojú òun fa nǹkan kọjá.

Ìṣirò wá kù. Ẹ má sá o, ìṣirò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sí ẹni méjì tí ọwọ́ wọn dọ́gba. Inú ń bí ẹnì kan, ó ń fa òwú le. Ẹnì kejì ń hun nǹkan tirẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Nítorí náà, kí a tó hun ẹ̀wù, a máa ń hun ègé ìdánwò kékeré onígun mẹ́rin, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìfà á, a ó gbé rúlà lé e, a ó ka iye ojú tó wà nínú íǹṣì 4. Ká ní ìwé àpẹẹrẹ tí ẹ ń tẹ̀lé sọ pé ojú 20 ni kó wà níbẹ̀, ojú 5 ló wà nínú íǹṣì kan nìyẹn. Ọmọ tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18, a ó fún un ní íǹṣì 2 kún un kí ó lè mí, ó di 20. Ojú 5 lọ́nà 20, ojú 100: 50 fún iwájú, 50 fún ẹ̀yìn. Wàyí o, ká ní ọwọ́ tiyín le, tó jẹ́ pé ojú 22 ni ẹ kà nínú ègé ìdánwò yín, tí ẹ sì sọ pé ojú méjì péré ni, kí ló máa ṣe? Ojú 100 yẹn kò ní ju íǹṣì 18 àti díẹ̀ lọ mọ́. Ààyè tí ẹ fi sílẹ̀ kí ọmọ lè mí ti wọmi.

Ọ̀pọ̀ ló kórìíra ègé ìdánwò yìí. Ó dà bí ẹni pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ gbọ́ iye ojú tó wà nínú súwẹ́tà ọmọ kékeré náà. Bí ojú 5 bá wà nínú íǹṣì kan ní ìbú, tí ìlà 7 wà nínú íǹṣì kan ní òró, ojú 35 ló wà nínú íǹṣì kan onígun mẹ́rin. Ara ẹ̀wù tó fẹ̀ ní íǹṣì 20 yí ká, tó gùn ní íǹṣì 10, ojú 7,000 ni. Apá méjèèjì tó ojú 3,360 bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ ní íǹṣì 8 tó sì gùn ní 6. Ó ti lé ní ẹgbàárùn-ún. Ẹ wá sọ fún mi, ẹni tó fẹ́ fa òwú gba inú ojú tó lé ní ẹgbàárùn-ún, kí ló ń lé e tí kò lè fi wákàtí kan hun ègé ìdánwò?

Ẹni tó bá hun nǹkan ló ń mọ iye ojú rẹ̀. Òǹkọ̀wé ọmọ Ireland kan, J. M. Synge, fi èyí sínú eré orí ìtàgé rẹ̀, Riders to the Sea, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1904. Erékùṣù Aran ni ìtàn náà ti wáyé. Ọkùnrin kan kú sómi ní ọ̀nà jíjìn, wọ́n kó díẹ̀ nínú aṣọ rẹ̀ wá fún àwọn arábìnrin rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ka ojú inú ìbọ̀sẹ̀ kan tó wà lára aṣọ náà. Ó bá iye tí òun fúnra rẹ̀ gbé sórí abẹ́rẹ́ àti iye tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Láti inú eré yìí ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Aran ló ní iṣẹ́ ọnà súwẹ́tà tirẹ̀, bí ilà ojú tiwa láyé àtijọ́, kí wọ́n lè fi dá òkú apẹja mọ̀. Àwọn tó ń ta súwẹ́tà fún àlejò fẹ́ràn ìtàn náà gan-an. Kì í ṣe òótọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ló wà nínú eré Synge, àṣìṣe ọwọ́ arábìnrin ni wọ́n sì fi dá a mọ̀, kì í ṣe àmì ìdílé. Lójú tèmi, ti Synge gan-an ló wọni lára jù.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọjà. Ohun tí à ń pè ní wúùlù ní Gbági, ní Balógun, ní ibi gbogbo, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò fojú kan àgùntàn rí. Akíríìlì ni. Inú èròjà epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń fà á yọ. Ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló ṣàwárí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Orlon ní 1941, tí wọ́n sì gbé e lọ sọ́jà ní 1950. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, kò wọ́n. N kò bá a jà. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ rà. Bí bébà ara rẹ̀ bá ti já, ẹ gé òwú náà bí ìka kan, ẹ fi nǹkan irin mú un lórí abọ́ omi, níbi tí ọmọdé kò sí, kí ẹ ṣáná sí i. Bí ó bá jẹ́ irun àgùntàn, iná kò ní fẹ́ jó o dáadáa, ẹ ó gbọ́ òórùn kan tí gbogbo yín mọ̀, òórùn ìgbà tí wọ́n ń wi ewúrẹ́ ní ọjọ́ ọdún. Ohun tó kù yóò sì fọ́ sí eérú lọ́wọ́ yín. Bí akíríìlì bá ni, yóò yọ́, yóò kán tótó, yóò wá di kókó dúdú líle.

Èyí tó ń yọ́ yẹn, ẹ rò ó wò lára ọmọ tó ń rá kiri nítòsí sítóófù. Ó tún kù: akíríìlì kì í fa òógùn mu. Nínú oòrùn wa, ọmọ tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún, ara rẹ̀ á máa gbóná bí ẹni wà nínú ọ̀rá. Fún ọmọ tó wà nílé níbí, òwú inú oko wa gan-an, kọ́tìnnì, ló tọ́ sí i, ẹ̀wù tó fẹ́lẹ́, fún àárọ̀ ọyẹ́ tàbí òru òjò. Irun àgùntàn ni ká fi sílẹ̀ fún ẹni tó wà ní Manchester, ní Chicago, tàbí ní Jos pàápàá nígbà ọyẹ́, torí pé orí òkè ni Jos wà. Irun àgùntàn lè tutù díẹ̀ kó ṣì máa móoru. Ìṣòro tirẹ̀ ni omi gbígbóná. Ara irun náà ní ìpẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí. Bí omi gbígbóná bá bá a, tí a tún ń fọ́ ọ, ìpẹ́ wọ̀nyẹn á há mọ́ ara wọn, kò sì sí àdúrà tó máa tú wọn. Mo hun ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nígbà tó wà ní London. Oṣù mẹ́rin ni mo fi hun ún. Ìyàwó rẹ̀ dà á mọ́ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́ta ló bá mu. N kò bínú sí ìyàwó. Èmi ni n kò kọ ọ́ sínú bébà kí n fi píìnì há a mọ́ ọn pé: omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má fún un, ẹ tẹ́ ẹ gbẹ.

Ẹ ra gbogbo wúùlù tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà kan wà lára bébà rẹ̀ tó ń sọ ìkòkò aró tí wọ́n ti rẹ ẹ́. Ẹ̀yin aládìrẹ mọ èyí láìsí ìwé: aró òní àti aró ọ̀la kì í rí bákan náà.

Ẹ̀yin ìyá ìkókó, ẹ sún mọ́ rédíò. Ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n hun fún ọmọ, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ wá òwú tó bá yọ nínú rẹ̀, kí ẹ gé e. Fọ́nrán òwú kan lè lọ́ mọ́ ọmọ níka, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá, ọmọ á máa ké, ẹ ó rò pé inú rírun ni. Ẹ má fi okùn gígùn sí fìlà tàbí sí ọrùn ẹ̀wù ọmọ. Bọ́tìnnì, ẹ fà á wò gidi kí ọmọ má baà fà á jẹ. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn nínú ilé, ẹ ṣí fìlà rẹ̀. Ẹ má sì fi ọwọ́ ọmọ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, nítorí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ a máa tutù ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ibẹ̀ bá ń làágùn, ẹ bọ́ súwẹ́tà náà kúrò lára rẹ̀ kí ooru má baà sú sí i lára. Mo mọ̀ pé ayafọ́tò ṣì ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó dé kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ń bi mí léèrè pé, nígbà tí súwẹ́tà kún ọjà òkìríkà, kí ni a tún ń fi ọwọ́ hun fún? Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé. Ní 1589, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Lee, ará Calverton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ìtàn sọ pé Ọbabìnrin Elizabeth kọ̀, kò fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí àwọn tálákà tó ń fi ọwọ́ hun ìbọ̀sẹ̀ jẹun. Lee kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀rọ borí nígbẹ̀yìn ṣá. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti borí, ẹni tó bá ń fi ọwọ́ hun nǹkan fún ọ, kì í ṣe torí pé kò sí ní ọjà. Ní erékùṣù Shetland, ní òkè pátápátá ilẹ̀ Scotland, wọ́n ń hun ìborùn kan tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá. Wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ wé ọmọ lọ sí ibi ìrìbọmi, ìyá á wá tọ́jú rẹ̀ de ọmọ tí ọmọ náà máa bí.

Ẹ̀rọ kò wọn orí ọmọ yín. Ìyẹn nìkan ni àǹfààní tí ọwọ́ fi jù ú lọ. Bí a bá wá hun ún láìwọ̀n, èwo la wá ṣe? Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ kí ènìyàn máa hun súwẹ́tà ní ìkọ̀kọ̀ láti fi ya ẹni lẹ́nu. Ẹ bi í: àwọ̀ wo lo fẹ́? Ṣé irun àgùntàn kì í yún ọ lára? Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́? Àwọn ahunṣọ òyìnbó ní èèwọ̀ kan, wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá hun súwẹ́tà fún ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ọkùnrin náà á sá lọ. Ẹ̀rín ni mo fi ń rín. Súwẹ́tà àgbàlagbà tí àyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 44, tó gùn ní 25, ara rẹ̀ nìkan lé ní ojú 38,000 ká tó kan apá. Nínú oṣù tí èèyàn fi ń hun ìyẹn, ẹni tó máa lọ ti lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti títú. Nítorí pé òwú kan ṣoṣo ni súwẹ́tà, ẹ lè tú u padà di òwú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọn aṣọ fún ènìyàn ní 1941, àwọn ìyá ń tú súwẹ́tà bàbá láti fi hun ti ọmọ. Ẹ tú àwọn ibi tí ẹ rán pọ̀, ẹ wá ibi tí ẹ parí sí, ẹ fà á, yóò máa já tẹ̀lé ara rẹ̀ wọ̀wọ̀wọ̀. Ẹ lọ́ ọ mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ dì í ní ibi mẹ́rin kó má baà lọ́jú, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ so ó kọ́ pẹ̀lú nǹkan wíwúwo díẹ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo kọ́lọkọ̀lọ ara rẹ̀ á nà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe súwẹ́tà ọjọ́ ìkómọ yẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo tú ọrùn rẹ̀, mo ya èjìká òsì, mo fi bọ́tìnnì funfun méjì sí i. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ títí apá rẹ̀ fi dé ìgúnpá. Ó ti di géńdé báyìí, Toronto ló ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tẹ̀ mí láago pé, “Mọ́mì, òtútù ibí yìí pọ̀ o, ẹ bá mi hun súwẹ́tà kan.” Ó fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sórí fóònù mi: àyà, íǹṣì 42, apá, íǹṣì 19, gígùn, íǹṣì 27. Mo kà á tán, mo dá a lóhùn pé kí ó wọn orí náà kún un.